Kọ̀ǹpútà Kò Kọ Yorùbá: Ojú Ìwé Ni Ó Ṣófo

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, à á fi ti ọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tí a rán níṣẹ́ kò gbọdọ̀ ru ọ̀rọ̀ láti ẹnu kan dé etí kejì bí ẹni ru òkúta. Ó ní láti mọ bí a ti í sọ ọ́ kí ó tó lè wọ etí ẹni tí a rán an sí. Òwe yìí ti wà kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá, síbẹ̀ kò sí ọ̀rọ̀ tí ó bá ọ̀ràn kọ̀ǹpútà àti èdè Yorùbá mu jù ú lọ lónìí.

Ọmọ Yorùbá tí ó ń gbé ní Kánò, ní Kàdúná, ní Jọ́ọ̀sì tàbí ní Màídúgùrì mọ ohun tí ó túmọ̀ sí pé kí èdè ẹni máa sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Hausa ni a fi ń ná ọjà, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ lẹ́tà ní ọ́fíìsì, Yorùbá a sì wá di èdè inú yàrá, èdè ìpàdé ẹgbẹ́ àti ti ọjọ́ ìsìnmi. Nígbà tí kọ̀ǹpútà àti fóònù tún dé, tí àwọn ọmọ ń tẹjú mọ́ wọn láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí ẹ̀rọ náà kò sì sọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan sí wọn, ó dà bí ẹni pé ìlẹ̀kùn mìíràn tún ti tì mọ́ èdè náà. Àwọn kan a tilẹ̀ máa wí pé òyìnbó ni ó ṣe ẹ̀rọ, èdè òyìnbó nìkan ni ẹ̀rọ sì lè gbọ́.

Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò ní èdè abínibí. Gbogbo gbólóhùn tí ó ń kọ sí ojú rẹ̀, ènìyàn ni ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún un, Gẹ̀ẹ́sì ni ì báà jẹ́, Faransé tàbí Lárúbáwá. Ìlẹ̀kùn tí Yorùbá lè gbà wọlé ti ṣí láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun tí ó kù ni kí òǹkàwé mọ ibi tí ìlẹ̀kùn náà wà, kí ó mọ bí a ti í gbà á wọlé, kí ó sì mọ ohun tí ó lè tún un tì.

BÍ ỌGBỌ́N NÁÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, inú ètò kọ̀ǹpútà gan-an ni àwọn tí ń kọ ètò ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ yóò sọ sí. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kí ètò náà sọ èdè mìíràn, ó di dandan kí ó tú ètò náà palẹ̀, kí ó máa wá gbólóhùn kọ̀ọ̀kan láàárín àwọn àṣẹ tí kò yé e, kí ó sì máa pààrọ̀ wọn. Bí èdè bá pé mẹ́wàá, ètò a di mẹ́wàá, àtúnṣe tí ó yẹ kí a ṣe lẹ́ẹ̀kan a sì di ohun tí a ń ṣe lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé ọgbọ́n kan jáde tí a ń pè ní gettext. Ní ọdún 1995, ẹgbẹ́ GNU, tí ó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni lè lò, tí ó sì lè tún ṣe láìsí ìdíwọ́, ṣe tirẹ̀ jáde. Kókó ọgbọ́n náà ni pé a ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́. Ètò yóò wà ní ọ̀kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n èdè kọ̀ọ̀kan yóò ní ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ètò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, yóò ṣí ìwé náà, yóò wo ohun tí gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì náà ń jẹ́ ní èdè ẹni tí ó jókòó níwájú rẹ̀, yóò sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn èdè tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi ń kọ ètò lónìí, irú èyí tí a ń kọ lónìí tí kọ̀ǹpútà sì ń ṣe ohun tí ó wí lójú ẹsẹ̀, ni ó gba ọgbọ́n yìí wọlé. Python, tí Guido van Rossum gbé jáde ní 1991, fi gettext sínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2000, nígbà tí ẹ̀dà 2.0 jáde. PHP àti Perl náà ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó mọ Python díẹ̀ kò ní ohunkóhun láti rà kí ètò tí ó kọ tó lè sọ Yorùbá.

INÚ ÌWÉ ÀKÓJỌ Ọ̀RỌ̀

Kí ọ̀rọ̀ lè yé ni, ẹ jẹ́ kí a gbà pé ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá kan ní ìlú òkèèrè ń dá èsúsú, akọ̀wé ẹgbẹ́ náà sì fẹ́ kí ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan máa ṣírò owó fún wọn. Nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ bá san owó, ètò yóò wí pé "Payment received". Ìyá arúgbó tí ó san owó náà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá owó òun wọlé tàbí kò wọlé.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tí ó kọ ètò náà yóò ṣe ni pé yóò sàmì sí gbogbo gbólóhùn tí ó yẹ kí a túmọ̀. Àṣà tí ó gbilẹ̀ ni pé kí a fi ìlà kékeré ìsàlẹ̀ kan àti àkámọ́ yí gbólóhùn náà ká, báyìí: _("Payment received"). Irinṣẹ́ kan tí a ń pè ní xgettext yóò wá rìn la ètò náà já, yóò kó gbogbo gbólóhùn tí a sàmì sí, yóò sì tò wọ́n sínú fáìlì kan.

Láti inú fáìlì yìí ni atúmọ̀ èdè yóò ti ṣe ìwé Yorùbá, tí orúkọ rẹ̀ ń parí pẹ̀lú .po. Ènìyàn lè kà á, ó sì lè kọ ọ́. Lójú ìwé náà, ìlà méjì méjì ni ọ̀rọ̀ wà. Ìlà kìíní, tí msgid ṣáájú rẹ̀, ni ó ní gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì. Ìlà kejì, tí msgstr ṣáájú rẹ̀, ṣófo. Ibẹ̀ ni atúmọ̀ yóò kọ "Owó yín ti wọlé" sí. Kò pọn dandan kí atúmọ̀ mọ bí a ti ń kọ ètò. Olùkọ́ èdè Yorùbá, oníwèé ìròyìn tàbí akọ̀wé ìjọ tí ó mọ Yorùbá kọ dáradára lè ṣe é, pàápàá bí ó bá lo ètò bí Poedit, tí ó ń to gbólóhùn àti ìtumọ̀ rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Lẹ́yìn tí a bá parí, irinṣẹ́ mìíràn tí ń jẹ́ msgfmt yóò sọ ìwé náà di fáìlì tí orúkọ rẹ̀ ń parí pẹ̀lú .mo. Èyí kì í ṣe fún ojú ènìyàn. Ẹ̀rọ ni a ṣe é fún kí ó lè tètè rí ohun tí ó ń wá.

BÍ ÈTÒ ṢE Ń RÍ ÌWÉ NÁÀ

Ẹ̀rọ kò lè mọ ibi tí a gbé ìwé sí bí a kò bá gbé e sí ibi tí ó mọ̀. Àpò fáìlì kan gbọ́dọ̀ wà tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ yo, nítorí pé yo ni àmì Yorùbá nínú ìlànà ISO 639 tí gbogbo ayé ń lò, gẹ́gẹ́ bí ha ti jẹ́ ti Hausa, tí ig sì jẹ́ ti Ìgbò. Nínú àpò náà ni àpò mìíràn yóò wà tí ń jẹ́ LC_MESSAGES, inú rẹ̀ sì ni a ó fi ìwé wa sí, bí àpẹẹrẹ, esusu.mo. Bí àwọn àpò èdè wọ̀nyí bá wà lábẹ́ àpò kan tí a pè ní ede, ìlà mẹ́rin yìí tó ní Python:

import gettext
iwe = gettext.translation("esusu", "ede", fallback=True)
_ = iwe.gettext
print(_("Payment received"))

Ìlà kìíní gbé irinṣẹ́ jáde. Ìlà kejì wá ìwé tí ń jẹ́ esusu nínú àpò ede. Ìlà kẹta wí pé láti ìsinsìnyí lọ, ìlà kékeré ìsàlẹ̀ ni kí ó dúró fún wíwo ìwé. Ìlà kẹrin sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ fallback=True ṣe pàtàkì, nítorí pé láìsí i, bí ètò kò bá rí ìwé kankan, ńṣe ni yóò dá iṣẹ́ dúró pẹ̀lú àṣìṣe; ṣùgbọ́n bí ó bá wà níbẹ̀, ètò yóò kàn sọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lọ.

Báwo ni ètò ṣe mọ̀ pé Yorùbá ni a fẹ́? Bí a kò bá sọ fún un nínú ètò, yóò wo ibi mẹ́rin nínú ètò ìgbékalẹ̀ kọ̀ǹpútà náà, ní títẹ̀léra: LANGUAGE, LC_ALL, LC_MESSAGES àti LANG. Èyí tí ó bá kọ́kọ́ rí ohun kan nínú rẹ̀ ni yóò gbà. Ohun tí yóò dùn mọ́ àwọn tí ń gbé láàárín èdè púpọ̀ ni pé LANGUAGE lè gba ju èdè kan lọ. Bí a bá kọ yo:ha síbẹ̀, ètò yóò kọ́kọ́ wo ìwé Yorùbá. Gbólóhùn tí kò bá sí níbẹ̀, yóò wò ó nínú ìwé Hausa. Bí kò bá sí níbẹ̀ náà, yóò wá sọ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Hausa ṣe ń sọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn.

ÈTÒ KÒ NÍ DÁKẸ́

Níhìn-ín ni ó yẹ kí òǹkàwé ti dúró díẹ̀. Nígbà tí ìlà msgstr bá ṣófo, ètò kò ní dákẹ́, kò ní ké, kò sì ní fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Yóò kàn sọ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ẹni tí ó rí Gẹ̀ẹ́sì lójú ẹ̀rọ kò mọ̀ bóyá ẹ̀rọ kọ èdè òun, tàbí pé ẹni tí ó kọ ètò kò sàmì sí gbólóhùn náà, tàbí pé wọ́n pèsè àyè ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kọ nǹkan sí i. Ojú kan náà ni gbogbo wọn ní. Bẹ́ẹ̀ ni èdè ṣe ń pòórá láìsí ariwo: kì í ṣe pé ẹnì kan lé e, àyè rẹ̀ ni ó ṣófo, òmíràn sì jókòó síbẹ̀.

ÀṢÌṢE ÀWỌN TÍ Ń KỌ ÈTÒ

Nígbà mìíràn, ẹni tí ó kọ ètò gan-an ni ó ń di ọ̀nà mọ́ atúmọ̀. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí a gé gbólóhùn sí wẹ́wẹ́. Gẹ̀ẹ́sì a máa fi iye ṣáájú ohun tí a kà, Yorùbá a sì máa fi iye kẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹni tí ó kọ ètò bá kọ ọ̀rọ̀ "You have" sọ́tọ̀, tí ó fi 3 tẹ̀ lé e, tí ó sì kọ "letters" sọ́tọ̀, ohun tí Yorùbá yóò jáde sí ni "Ẹ ní 3 lẹ́tà", èyí tí kò dùn létí. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi odindi gbólóhùn lélẹ̀, tí ó sì fi àmì kan sí àyè tí iye yóò wà, atúmọ̀ yóò gbé àmì náà sí ibi tí ó yẹ, ètò yóò sì wí pé "Ẹ ní lẹ́tà 3". Bí àyè bá ju ẹyọ kan lọ, kí a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, irú bí %(name)s àti %(amount)s, kí atúmọ̀ lè pa ipò wọn dà láìjẹ́ pé orúkọ ènìyàn bọ́ sí àyè owó.

Àṣìṣe kejì tan mọ́ ọ̀nà ìkọ̀wé kan ní Python tí a ń pè ní f-string, tí ó ń fi orúkọ àti iye sínú gbólóhùn lójú ẹsẹ̀. Bí a bá fi irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ sínú àmì ìtumọ̀, àyè yóò ti kún kí ètò tó ṣí ìwé. Yóò máa wá "Àlàbí san 500" nínú ìwé tí ó jẹ́ pé "Lágbájá san iye báyìí" ni ó wà níbẹ̀. Kò ní rí i láéláé, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò sì sọ títí.

Ẹ̀kẹta ni ti ọ̀rọ̀ kan tí ó ní ìtumọ̀ méjì. "Open" lórí bọ́tìnì ń pàṣẹ pé kí a ṣí nǹkan. "Open" lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọsílẹ̀ gbèsè ń wí pé kò tíì parí. Bí ìwé bá ní àyè kan ṣoṣo fún méjèèjì, ọ̀kan yóò ṣìnà dandan. Àtúnṣe wà: a lè so àlàyé mọ́ gbólóhùn nípasẹ̀ msgctxt, Python sì ti lè kà á láti ẹ̀dà 3.8 tí ó jáde ní 2019.

OHUN TÍ YORÙBÁ MÚ WÁ

Àwọn ibì kan wà tí èdè wa ti mú iṣẹ́ rọrùn. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀nà méjì láti pe orúkọ nǹkan, ọ̀kan fún ẹyọ, ọ̀kan fún púpọ̀; èdè àwọn ará Poland nílò mẹ́ta, Lárúbáwá nílò mẹ́fà. Ìdí nìyí tí gettext fi ní ọ̀nà tí a ń pè ní ngettext láti yan èyí tí ó bá iye mu. Lẹ́tà kan, lẹ́tà mẹ́wàá: ọ̀rọ̀ náà kò yí padà ní Yorùbá. Orí ìwé wa kò nílò ju pé nplurals=1; plural=0; lọ. Bẹ́ẹ̀ ni a kò ní láti bi ara wa bóyá ọkùnrin ni ó san owó tàbí obìnrin. "Ó" ti kárí wọn.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí èdè wa ti béèrè ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, ìyẹn ni ọ̀wọ̀. "You" kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ní. Àwa ní "o" àti "ẹ", "rẹ" àti "yín". Bí ètò èsúsú bá wí fún ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún pé "Owó rẹ kò pé", kò parọ́, ṣùgbọ́n ó ti jẹ́ iṣẹ́ ẹrú bí ẹrú. Èyí tí ó burú jù ni kí ẹni méjì pín iṣẹ́ ìtumọ̀ náà, kí ọ̀kan máa lo "rẹ", kí èkejì máa lo "yín", tí ẹ̀rọ kan náà yóò fi máa kúnlẹ̀ kí ènìyàn ní òwúrọ̀, tí yóò sì máa rí i fín ní ọ̀sán. Kí ìtumọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ni ó yẹ kí àwọn atúmọ̀ ti fẹnu kò.

Àmì orí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Owó, ọwọ́, òwò, ọ̀wọ̀ àti ọwọ̀: bí a bá bọ́ àmì kúrò lára wọn, kò sí ẹni tí yóò mọ èyí tí ẹgbẹ́ gbà wọlé lọ́wọ́ ìyá náà. Ìlànà ìkọ̀wé àtijọ́ tí àwọn kọ̀ǹpútà ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù ń lò, ISO 8859-1, kò ní ẹ, ọ tàbí ṣ rárá. Unicode ni ó fún wọn ní àyè. Síbẹ̀, lẹ́tà bí ẹ́ kò ní àyè ẹyọ kan. Ẹ ni a kọ́kọ́ kọ, tí a sì gbé àmì ohùn lé e lórí. Nítorí náà, ó di dandan kí orí ìwé àkójọ sọ gbangba pé UTF-8 ni a fi kọ ọ́. Ìwé tí kò bá sọ bẹ́ẹ̀ lè jáde ní wúruwùru, tí àwọn ènìyàn yóò sì máa rò pé Yorùbá ni kò bá ẹ̀rọ mu.

OKO TÍ A KÒ RO

Ohun tí ó ń pa ìwé àkójọ ju ohun gbogbo lọ ni àìsí ìtọ́jú. Atúmọ̀ lè fi oṣù mẹ́ta kún ìwé kan tán, kí inú gbogbo ènìyàn sì dùn. Lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e, ẹni tí ó ni ètò lè yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì, bóyá ó kàn fi àmì ìdánudúró kún un. Gbólóhùn náà ti di tuntun lójú ẹ̀rọ. Irinṣẹ́ tí ń dà tuntun pọ̀ mọ́ àtijọ́ yóò mú ìtumọ̀ àtijọ́ tí ó sún mọ́ ọn, yóò sì fi àmì "fuzzy" sí i, ìyẹn ni pé kí ènìyàn tún un wò. Títí ènìyàn yóò fi tún un wò, msgfmt yóò fò ó, Gẹ̀ẹ́sì a sì padà síbẹ̀. Bí ọdún mélòó kan bá kọjá báyìí, ìwé tí ó kún tẹ́lẹ̀ a tún di ahoro, bí oko tí a ro tí a kò padà sí.

Iṣẹ́ irú èyí kò ṣàjèjì sí àwọn Yorùbá. Ní 1843 ni àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Àjàyí Crowther ṣe jáde. Ní 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta. Ní 1984 ni Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀, jáde kí àwọn olùkọ́ lè fi Yorùbá kọ́ni ní ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ láìyá ọ̀rọ̀ lò. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn irinṣẹ́ wọ̀nyí tí ó kọ èdè wa. Àwọn ènìyàn jókòó, wọ́n fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ kò sì béèrè pé kí ènìyàn wà ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó kí ó tó kọ ọ́. Fáìlì kékeré ni. Ó lè ti Sókótó lọ sí Jọ́ọ̀sì láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹgbẹ́ ìlú tí ń ṣe ìpàdé lóṣooṣù lè yan ẹni mẹ́ta: ọ̀dọ́ kan tí ó mọ Python, olùkọ́ kan tí ó mọ àmì ohùn, àti àgbàlagbà kan tí yóò máa bi wọ́n pé ṣé báyìí ni a ti í bá àgbà sọ̀rọ̀. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ètò èsúsú tiwọn, tí gbólóhùn rẹ̀ lè má ju ogójì lọ. Kí wọ́n sì dá ọjọ́ kan lọ́dún tí wọn yóò máa padà wá wo èyí tí ó ti gba àmì "fuzzy".

Ẹni tí ó ń retí kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ sọ Yorùbá kí òun tó kọ ọ́ yóò pẹ́ lórí ìdúró. Ẹ̀rọ ti ṣí ìwé, ó ti kọ orúkọ èdè wa sí orí rẹ̀, ó sì ti fa ìlà sílẹ̀. Àwọn tí ó ni èdè ni ó kù kí wọ́n mú kálàmù.